"Ẹ" tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Kí Mi

Ẹ fà súnmọ́ mi, kí ẹ jókòó. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, kó pa á. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó dà á dé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́ ní ìdúró. Orí ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ló dúró lé, èyí tí gbogbo wa ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ tí a kì í fetí sí.

Ọmọ ìyá kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe ní Ìlaròó. Àwọn ṣe olùkọ́ títí wọ́n fi di ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì fẹ̀yìn tì sí Ìpókíá. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ṣeré. Mo ti ní ọmọ-ọmọ, orí mi ti hewú, síbẹ̀ bí mo bá dé ilé wọn, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí n tó jókòó. Wọ́n á wá ní, "Ìwọ yìí, o ti jẹun?" Ó máa ń dùn mọ́ mi. Kò kù láyé ẹni tó lè pè mí ní ìwọ, àfi àwọn nìkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà ọyẹ́, mo lọ kí wọn. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó ọsàn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ aṣọ, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni wọ́n wí. "Ẹ kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má dá wọn lóhùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti di àgbà ìjọ ni wọ́n ti ń rẹ ara wọn sílẹ̀ báyìí." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò tí kò tíì sọ ohun tó bá wá.

Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" náà ti ń rìn kiri ìlú. Wọ́n fi kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ kan tó ń gun ọ̀kadà ní oríta. Ọkùnrin náà ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé: "Ọ̀gá tó fi ẹgba kọ́ mi ní ÁBÍDÍ ló ń pè mí ní ẹ yìí o. Àbí mo ti dàgbà ni, mi ò mọ̀?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, ó ní kí a wo bí àgbàlagbà ṣe ń di onírẹ̀lẹ̀. A ṣe àmín.

Gbogbo ìgbà yẹn, nǹkan kan ń jẹ wọ́n nínú, kò sì dún.

Nígbà tí ọmọ wọn àgbà wálé láti Èkó, wọ́n fi "ẹ" kí òun náà. Àwàdà ló pè é. Ó wá di ọjọ́ kan tí ìyàwó wọn ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, onílé yìí ńkọ́? Mo ti ń retí wọn láti àárọ̀."

Obìnrin náà pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀."

A gbé wọn wá sílé ìwòsàn ní Ìlaròó. Dókítà, ọmọdébìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì tún un wọ̀n. Ó bi wá bóyá wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Ìyàwó wọn ní wọ́n lò ó, wọ́n dá a dúró nítorí pé ara wọn le, kò sì síbi tó ń dùn wọ́n. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè má dun èèyàn rárá. Ó ti ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín inú ọpọlọ wọn jẹ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Èyí tó ti lọ lè má padà. Èyí tó kù la lè máa ṣọ́: kí wọ́n lo oògùn lójoojúmọ́, kí a dín iyọ̀ àti magí kù nínú ọbẹ̀, kí wọ́n máa rìn láràárọ̀, kí wọ́n má dá jókòó, kí a máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kí yín bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti gbé wọn wá."

Ìyàwó wọn gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Láràárọ̀ ló ń mú wọn rìn lọ sí ọ̀nà ìlú Tube, tó ń sọ orúkọ ohun gbogbo fún wọn: ẹ̀gẹ́ nìyí, ilé lágbájá nìyẹn. Nígbà tí mo tún lọ, wọ́n pè mí ní ìwọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ láti nu ojú mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ìyàwó wọn wọ balùwẹ̀, wọ́n dá jáde. Ọlọ́kadà kan ló rí wọn nítòsí bọ́dà, níbi tí àwọn èèyàn ti pagbo yí wọn ká. Àwọn kan ń fi Yorùbá bèèrè orúkọ wọn, àwọn kan ń fi Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi kò rántí orúkọ ara wọn.

Ọmọ wọn sáré dé láti Èkó. Mi ò lè dá a lẹ́bi, ẹ̀rù ló bà á. Ó fi àgádágodo sí géètì. Ìyá rẹ̀ ní ìrìn àárọ̀ yẹn ló gbé wọn ró. Èmi náà tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó fèsì.

"Bàbá, wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Òkú là ń sọ pé ó sinmi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó. Oògùn ń wọlé, oúnjẹ ń wọlé, èèyàn kò wọlé mọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú. Ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo débẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó wọn ti lọ sọ́jà ní Àgọ́sasà, ó sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn géètì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn là díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni wọ́n wí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé mi pé ibí ni mo wà. Wọ́n á ti máa wá mi."

"Èmi ni ará ilé yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n wò mí títí. "Ẹ ṣeun," ni wọ́n wí. "Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn."

Mo jókòó sílẹ̀ níta, àwọn náà jókòó nínú. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí ìyàwó wọn fi dé. Mi ò mọ èyí tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn rọ. Wọn kò dìde mọ́. Kí ọyẹ́ tó tún dé, a ti sin wọ́n.

Ọmọ àgbà jogún ilé, ó ti fi ayálégbé sí i. Oko ẹ̀gẹ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn, wọ́n sì tà á. Ṣọ́ọ̀ṣì kó àwọn ìwé wọn. Ikán ti wà nínú rẹ̀. Ìyàwó wọn ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Èmi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà. Ó bi mí irú ikú tó pa bàbá wa. Mo ní wọ́n ṣubú sínú oko, wọn ò sì dìde. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi. Ogún tèmi nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ bàbá wa ló ti wá, kò sì sẹ́ni tó bá mi du ú. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba tiyín. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n.