Ìgò ẹja mi tó ṣófo

Mo ti ọjà Glazoué dé lọ́sàn-án yìí, mo bá ìgò ẹja mi lófìfo!

Ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni mo ń sìn nínú rẹ̀, kí n kàn lè máa wò wọ́n. Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, ìsàlẹ̀ òkè la ti ń ru omi wá. Ìyá á ní, "Ṣé torí èyí lẹ̀yin ọmọ ìsìnyí ṣe gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó, kí ẹja máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó yẹ kéèyàn mu?"

Ni mo bá figbe ta: "Ìyá, ẹ ti sè wọ́n jẹ!"

Ìyá ò tilẹ̀ bínú. "Ooru páànù òrùlé ti mú omi ìgò yẹn gbóná, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ wo inú àmù mi."

Àmù Ìyá! Èyí tí èmi ọmọ wọn ò gbọdọ̀ ki igbá bọ̀ láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́! Mo ṣí i, ẹja mi ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ nínú omi tútù.

"Omi wo wá lẹ̀ ń mu?"

"Mo tọrọ díẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Má pariwo. Rọra dé e, wọ́n ń sinmi."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹja ta ni ká máa pè wọ́n báyìí?