Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Gé Lára Ọmọ Mi

Mo rántí ọ̀sán tí ọmọbìnrin mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé orí, tó jáde nílé mi ní Boni láìwẹ̀yìn. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà débi pé adìyẹ ń yé ẹyin tó ti jinná. Ó ní òun ti gba yàrá kan ní Plateau, láàárín ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, pé kò sí oníbàárà lóko. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀, èmi àti ẹ̀ nìkan la jọ ń gbélé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń pariwo pé ọmọbìnrin kì í kúrò nílé bàbá rẹ̀ àfi tó bá ń lọ ilé ọkọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá tó ní ọkọ́, à á fún un lọ́kọ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, ọmọ ẹlòmíràn ni mo máa ń pa á fún.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi gùn ju ọwọ́ mi lọ. Èmi ni mo sọ pé mo wa iṣu kan lóko, tí ewúrẹ́ mẹ́ta já sínú ihò rẹ̀, a ò rí wọn títí di oṣù kejì, ìgbà tí wọ́n jáde pẹ̀lú ọmọ méje. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè purọ́ lédè Faransé. Irọ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò sí nínú àwọn tí mo fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án, ẹyẹ ló ṣì ń bá mi lé lóko ọkà. Ìgbà tí mo wá mú un lọ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀gá ibẹ̀ ní ó ti dàgbà jù fún kíláàsì àkọ́kọ́, pé ìwé ìbí rẹ̀ dà? Kò ní. Ọ̀pọ̀ wa lóko kò ní. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé bàbá á mú ẹlẹ́rìí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n á sọ ìgbà tí wọ́n bí ọmọ, adájọ́ á sì fún wọn níwèé. Mo fún ọ̀rẹ́ mi méjì ní ọtí sodabì mu, a lọ, a búra pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Adájọ́ wo ọmọ náà, ó tún wò mí. Mo ní, "Ìran wa máa ń tètè ga." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo kì bọ àpò ní ọjọ́ kẹta tí ọmọ mi lọ. Mo gun zẹmijáàn, alùpùpù akérò, wọ ìlú, ó di bíró ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọdé. Mádáàmù tó wà níbẹ̀, ará apá Pobẹ̀ tí ìjọba gbé wá síbí, ka ìwé náà, ó ní òfin wà lẹ́yìn mi: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ kúrò nílé òbí rẹ̀ láìgba àṣẹ, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó wá tòun ti okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti pé ọdún mọ́kàndínlógún."

Mádáàmù yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ìwé ìjọba ló ń sọ̀rọ̀, mádáàmù, èmi kọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀."

Ọmọ mi wò mí lójú. Kò sunkún. Ó ní, "Ó dáa," ó sì tẹ̀lé mi délé. Èmi ń rẹ́rìn-ín lọ lọ́nà, mo rò pé mo ti borí.

Láràárọ̀ ó ń kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Lálẹ́: "Oúnjẹ yín rèé." Ó tán. Bí mo bá pa irọ́ tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ títí omi tó rù yóò fi dànù lórí rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," á wọlé lọ. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ méjì àti àpò àgbàdo kan tó ya ni gbogbo ohun tó rí rán ní Boni. Ó ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, òjò kan tẹ̀lé e, ó sì rẹ̀ mí. Mo mọ àárẹ̀ oko, oorun ló ń wò ó. Èyí ń bá mi jí.

Mo padà lọ bá mádáàmù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti sodabì, ti ọdún mẹ́ta. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá oníhò iṣu! Ẹ tún ti dé!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi, òtítọ́ bá a tán, wọ́n ní òtítọ́ ló ń purọ́. Mo búra títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ òótọ́, Bàbá, ẹ̀yin àtàwọn ẹlẹ́rìí yín lẹ máa ṣàlàyé fún adájọ́, ìyẹn á sì pẹ́. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Kí ó máa lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí? Òfin ní kó má lọ láìgba àṣẹ yín ni. Ẹ fún un láṣẹ!"

Ó ti ìwé kan sí mi. Orúkọ mi nìkan ló kù síbẹ̀. Mo kọ ọ́, ó pẹ́ ju kíkọ ebè lọ.

Nílé, ọmọ mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ lè kọ èyí láti ọjọ́ yẹn?"

"N ò mọ̀."

Òótọ́ ni, n ò mọ̀. N ò rò pé ó gbà mí gbọ́.

Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Plateau báyìí. Lọ́jọ́ ọjà mo máa ń yà síbẹ̀, á gbé àga fún mi, á fún mi ní omi àti oúnjẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, òun ń fi eyín já òwú. Bí oòrùn bá ti ń yẹ̀, á dìde, á bá mi gbé fìlà mi.

"Bàbá, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹ máa lọ sílé."

Mo máa ń dìde. Mi ò tíì bi í rí bóyá àyè wà fún mi láti sùn.