Ògiri Tèmi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kànga

Òórùn amọ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ló bá mi lórí ẹní ìkírun láàárọ̀ òní, mo sì ti rẹ́rìn-ín kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ilé búlọ́ọ̀kù láyé lè má mọ òórùn náà. Bàbá àgbà wa, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà ní Kumasi, fi amọ̀ kọ́ ilé wa ní Krofrom, yàrá mẹ́jọ yí àgbàlá kan ká. Maame Akosua, aládùúgbò wa tó jẹ́ Aṣanti, ló kọ́ ìyá àgbà wa bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní ntwoma, tí wọ́n ń fi àkísà pa á mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri títí yóò fi máa dán.

Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ìyá àgbà á pín ògiri fún wa. Ti ẹ̀gbẹ́ kànga ni tèmi, mo sì máa ń fi yangàn. Àwọn ọkùnrin á gun òrùlé lọ wo páànù, wọ́n á kó ewé kúrò nínú gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ya ọ̀lẹ, ògiri rẹ̀ máa ń dà bí ojú ẹni tó jí tí kò bọ́jú.

Bàbá mi ló wá ṣàánú wa. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ẹ̀yìn ilé, ó ní iṣẹ́ ọdọọdún ti parí. A jó lọ́jọ́ náà. Ní òjò ọdún kejì, sìmẹ́ńtì náà ya lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó ti rà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà kò pariwo. Ó fọwọ́ kan ojú ibẹ̀, ó ní, “Ilé yìí ń mí ni. Ẹ dí i nímú.” Bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ ha ìyókù dànù.

Nígbà tí àwọn àgbà kú tán, kò sẹ́ni tó pín ògiri mọ́. Bí òrùlé bá jò, a ó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Sàlámì, ọmọ àbúrò mi tó ń ta fóònù ní Adum, ní kí ẹbí wó ilé náà, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lè dá a lẹ́bi, òun ló ń tún gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lójijì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí gidi, nítorí gbogbo ẹni tí mo fẹ́ràn tí kò sí mọ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Mo bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan, wọ́n sì gbà. Mo kọ ètò ìyá àgbà sínú ìwé: gọ́tà àti òrùlé kí òjò tó dé, ògiri bí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ Sàlámì sí ẹ̀yìn ilé. Ó ka ìwé náà, ó ká a sápò.

Òun náà ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nígbà tí mo tẹ̀lé òórùn yẹn jáde, ó ká ṣòkòtò sókè, amọ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ilé ni tirẹ̀, pé ibẹ̀ ti jẹ́ tèmi láti kékeré.

“Mo ti ṣe ẹ̀yìn ilé tán lánàá nígbà tí ẹ lọ Santasi, Màámi,” ó fèsì. “Ẹ wá ibòmíì. Ibí yìí ti di tèmi paa.”

Kànga ti gbẹ, Maame Akosua ti lọ, orúnkún mi kò sì gbà kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ́ mọ́. Amọ̀ náà kò yí òórùn padà. Mo mú àkísà, mo lọ wá ògiri mìíràn.