Ọjọ́ tí Taisto Da Omi Gbígbóná Sójú Ọ̀nà

Bí ẹ bá fẹ́ bá Taisto Ylinen jà, ẹ gbé iyọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní àdúgbò wa ní ìlú Duluth, níbi tí gbogbo títì ti dà gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí adágún, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé tó dà gẹ̀rẹ́ tó ti ilé Taisto. Bí yìnyín bá bò ó, ìsàlẹ̀ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà máa ń dúró sí, á wá máa pariwo pé kí Taisto wá gba lẹ́tà rẹ̀.

Àwa tó kù, iyọ̀ la máa ń dà sójú yìnyín kó lè yọ́. Taisto kì í dà á. Iyọ̀ ló jẹ abẹ́ mọ́tò tó kọ́kọ́ rà nígbà èwe rẹ̀, títí irin abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jábọ́ sójú títì, kò sì tíì dárí ji iyọ̀ títí di òní.

"Hilja, o tún ti ń fi iyọ̀ bọ́ mọ́tò rẹ," ló máa ń ké sí mi láti òdìkejì títì. "Ṣé ẹja gbígbẹ lo fẹ́ fi ṣe ni?"

"Ẹja tèmi ń rìn," ni mo máa ń dá a lóhùn. "Ìwọ ṣì wà níbẹ̀ tí ò ń ha ilẹ̀ bí adìyẹ."

Ká sòótọ́, abẹ́ mọ́tò tèmi náà ti dípẹtà. Ẹ má sọ fún un.

Kí Taisto tó fọwọ́ kan yìnyín, á kọ́kọ́ da kúbùsù àtijọ́ bo mọ́tò búlúù tí Impi, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, fi sílẹ̀, kí èérún yìnyín má bàa ha ọ̀dà ara rẹ̀. Á fọ́n eérú sójú ọ̀nà, á dúró kí oòrùn bá a ṣiṣẹ́, ìgbà tí yìnyín bá ti ń rọ̀ ni yóò wá fi ṣọ́bìrì onípákó kó o, láti òkè wá sísàlẹ̀. Bó bá dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, á mú ìgbálẹ̀. Bó bá sì páàkì, á yí táyà iwájú sí ọ̀dọ̀ òkìtì òjò dídì tó wà létí ọ̀nà, pé bí mọ́tò bá tiẹ̀ fẹ́ sá, inú nǹkan rírọ̀ ni kó sá sí. A máa ń fi mọ́tò ọlọ́rùn wíwọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Inú sáúnà ni eérú náà ti ń wá, ilé pákó kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sẹ́yìnkùlé. Gbogbo Sátidé ló ń dáná síbẹ̀, á jókòó sínú ooru títí òógùn á fi wẹ̀ ẹ́. Láàárín àwa ọmọ ará Finland tó wà lórí òkè yìí, ẹni tí kò bá wọ sáúnà ní Sátidé, àìsàn ló ń ṣe é.

Lọ́dún yìí, Taisto ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Kaarin ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì gbọ́ ọ ní ìlú Minneapolis níbi tó ń gbé. Kaarin ní bí bàbá òun bá tún ṣubú, tàbí tí mọ́tò bá yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́ yẹn, òun á mú un lọ sí ilé àwọn àgbà nítòsí òun. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé láti wá fojú ara òun rí i.

"Wọ́n ní sáúnà tiwọn níbẹ̀," Taisto sọ fún mi. "Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú un gbóná." Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò tiẹ̀ lè bú u lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di Jímọ̀, òjò tó ń dì bó ṣe ń kan ilẹ̀ rọ̀ títí. Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀nà ń dán, oòrùn kò sì yọjú. Eérú kò ràn án. Ni Kaarin bá pè pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Láti ojú fèrèsé mi, mo rí Taisto tó ń ti sáúnà bọ̀ pẹ̀lú garawa omi tó ń rú èéfín.

Mo ṣí fèrèsé. "Taisto! Omi gbígbóná? Ìwọ náà?"

"Pa fèrèsé rẹ dé, Hilja!"

Ó da omi náà. Yìnyín yọ́ lóòótọ́, Taisto sì wò mí bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó tún gbé òmíràn wá, ó dà á, ó tún lọ pọn òmíràn. Kó tó padà dé, òtútù ti gba gbogbo rẹ̀ mú, ọ̀nà náà sì ti di gíláàsì pátápátá, dé abẹ́ táyà mọ́tò búlúù.

Àsìkò yẹn gan-an ni Kaarin páàkì sísàlẹ̀, tó bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò búlúù bá gbéra. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ó rọra ń lọ bí ẹni tó fẹ́ yọ́ jáde nínú ìsìn.

"Impi, dúró!" Taisto pariwo, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń lọ, ó sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìdí jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ bọ̀ wálẹ̀, garawa lọ́wọ́. Mọ́tò náà yẹ̀ sí ibi tí táyà rẹ̀ kọjú sí, ó wọ inú òkìtì òjò dídì dé ilẹ̀kùn, ó sì dákẹ́. Taisto náà wọ inú òkìtì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ti ṣubú, mọ́tò sì ti yọ̀. Mo ní ilé ti lọ nìyẹn. Mo wọ bàtà, mo sáré jáde.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fara pa?" Kaarin ń béèrè.

"Wo mọ́tò ná."

Kaarin wò ó yíká. Kò sí ojú ìha kankan lára rẹ̀.

"Ta ló da omi gbígbóná sójú ọ̀nà, Bàbá?"

"Òjò ni."

"Òjò tó ń rú èéfín nínú garawa yín?"

Taisto wo garawa. "Ìwọ ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ẹ pé a kì í da omi gbígbóná sí yìnyín. Àmọ́ mo gbọ́ pé o ti fẹ́ dé, ẹ̀rù rẹ bà mí."

"Èmi ló ń bà yín lẹ́rù?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? N ò bẹ̀rù yìnyín."

Kaarin jókòó sínú òjò dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, nígbà tó yá ó di méjèèjì. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

"Ṣé kí n gbé iyọ̀ wá?" mo ní.

"Rárá o!" Àwọn méjèèjì ló pariwo mọ́ mi, lẹ́ẹ̀kan náà.

Kaarin gba inú òjò dídì gòkè lọ, ó gbé eérú jáde láti sáúnà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́n ọn láti òkè. Taisto mu kọfí nílé ìdáná mi, ó ń ti ojú fèrèsé mi pàṣẹ.

"Má jẹ́ kó kan mọ́tò!"

"Mo mọ̀!"

Nígbà tí Kaarin wọlé wá yáná, imú rẹ̀ ti pọ́n. Taisto kò wò ó lójú. "Ilé àwọn àgbà yẹn ńkọ́?"

"Wọn ò ní eérú níbẹ̀," Kaarin ní. "Mo tún ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́bìrì kí n tó dé."

Taisto gbé ife bojú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. "Tóò," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ni kí o máa páàkì sí. Kí o sì yí táyà rẹ."

Mo yọjú wo ìta. Mọ́tò Kaarin ṣì wà níbi tó páàkì rẹ̀ sí láàárọ̀, táyà iwájú rẹ̀ méjèèjì kọjú sí òkìtì òjò dídì.