Inúure Ọkọ Mi, Kó Tó Tún Eyín Ṣe

Tí ẹ bá béèrè ọkọ mi ládùúgbò wa ní Òmù-Àrán, wọ́n á bi yín pé, "Ṣé Alhaji tó lawọ́ yẹn?" Èmi tí mo ti ń dáná fún un láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ọkùnrin náà kò lawọ́ o. Eyín ni kò ní.

Kì í ṣe pé wọ́n yọ. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ wọnú bí ọkọ́ tí àgbẹ̀ ti fi roko títí tó fi ku ìdí. Iṣẹ́ rìwáyà ló kọ́, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ẹnu ló sì fi ń bó wáyà ní gbogbo ìgbà tó fi ṣe iṣẹ́ náà. Irin tí wọ́n fi ń bó o wà nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò lò ó rí. Tí a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, òun ni wọ́n máa ń na ìgò míńírà sí. Á fi eyín ṣí i, á wá wo apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin bóyá wọ́n rí òun. Tó bá sùn, á tún máa payínkeke, kó lè lọ èyí tí wáyà àti ìgò bá ṣẹ́kù. Tí mo bá kìlọ̀ fún un, á ní eyín le lára bàbá òun títí bàbá òun fi kú. Bàbá rẹ̀ kò ṣe rìwáyà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀.

Bí ẹran ṣe di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń fi eyín ṣí ìgò lójú agbo, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun kò lè jẹ ẹran mọ́? Ó kúkú di olóore. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fi ọbẹ̀ jẹ òkèlè, á wá gbé ẹran sókè kí gbogbo ilé lè rí i. "Ẹ gbé e lọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi." Lọ́jọ́ kejì, ó di ti àwọn ọmọ ilé kéú. Lọ́jọ́ mìíràn, ti ẹni tó kàn ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Wọ́n á máa ṣàdúrà fún un, òun á máa ṣe àmín, á sì fa abọ́ wàrà rẹ̀ sún mọ́ra, nítorí wàrà rọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni wá eyín. Tó bá di Iléyá, ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ní ká pín ẹran àgbò sí, kí a mú ọ̀kan jẹ nílé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Alhaji máa ń pín síta. Lèmọ́mù fi ṣe wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní, ẹ wo ẹni tó ń fi ebi pa ọ̀fun ara rẹ̀ nítorí ọmọnìkejì. Mo wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, mo fi ìborùn bo ojú, èjìká mi ń gbọ̀n. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé ẹkún ni mò ń sun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí lẹ́kún.

Kí n sòótọ́, ó tún ń dùn mí. Nínú gbogbo ẹran tó ń ti ilé wa jáde, kò sí ọ̀kan tó yà sọ́dọ̀ èmi tí mo sè é rí. Ẹni tó ń ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tí yóò jáde lọ ròyìn rẹ̀. Èmi, inú ilé ni mò ń gbé.

Nígbà tí Bàbá Àdínnì wa, tó ń ṣe bàbá fún gbogbo ìjọ mọ́ṣáláṣí, jáde láyé, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni gbogbo ojú yí sí. Ta ló tún yẹ ju ẹni tí kì í jẹ ẹran àgbò ara rẹ̀ lọ? Wọ́n ní lẹ́yìn Iléyá làwọn máa wé láwàní fún un. Oyè náà wù ú débi pé ó ti ń fi aṣọ ìnura mi dá láwàní wé níwájú dígí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: wọ́n máa ya fọ́tò, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa obìnrin tó wà lókè òkun gbọ́, ó ní kí bàbá òun lọ tún gbogbo eyín náà ṣe n'Ílọrin, ọ̀rọ̀ ìnáwó di tòun.

Dókítà eyín tí a bá níbẹ̀, obìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn wa lọ, yíkàá kí wa dáadáa. Ó ní kí Alhaji gé ohun rírọ̀ kan mọ́lẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹni ń gé òkèlè iyán. Nígbà tí a padà lọ, ó ti fi ojú eyín tó wà lára rẹ̀ mọ àwòrán ẹnu ọkọ mi, ó funfun báláú bí ẹfun. Alhaji gbé ẹnu ara rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Bàbá, kì í ṣe eyín méjì mẹ́ta," dókítà wí. "Gbogbo ẹnu ni. Eyín yín ti kúrú tán, ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n fi fẹ́ kan imú. A ó kọ́kọ́ fi eyín onígbà díẹ̀ gbé ẹnu yín padà sí ibi tó yẹ kó wà. Tí ó bá ti bá àgbọ̀n yín lára mu, a ó wá fi èyí tó máa tọ́jọ́ bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá dé fìlà fún un." Ó mú bírò. "Oúnjẹ wo lẹ kò lè jẹ, sà?"

Alhaji wò mí. Ó wolẹ̀. "Ẹran."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

Mo tètè dáhùn kó tó rí irọ́ pa. "Sàárà ló ń fi í ṣe, dókítà."

Ọmọlúàbí ni dókítà náà, kò rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rín tèmi, mo sì rín in dé Òmù-Àrán.

A ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ, a ń ná an bọ̀, títí àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà lẹ́bàá títì fi dá wa mọ̀. Nígbà tó wà lórí eyín onígbà díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ojúlówó sí i, wọ́n sì fún un ní ike kan tí yóò máa fi há ẹnu tó bá fẹ́ sùn, kó má baà lọ àwọn tuntun náà di ìyẹ̀fun. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti wọnú jáde padà, mo sì rántí ọkùnrin tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Ojú tì mí bí ọmọge.

Ìgbà yẹn ló wá jẹ ẹran. Ó dijú jẹ ẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ tòní, ó jẹ tọ̀la, ó fọ́ eegun, ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu, kò gbé nǹkan kan sókè fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ìyáálé mi, rọra yọjú.

"Ìyàwó mi, ṣé ara Alhaji le?"

"Ó le, mà. Alihamudu lilai."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ní kí ló dé tí ẹran kò dé mọ́."

"Ẹran ń dé, mà. Ibi tó ń yà sí ló yí padà."

Iléyá dé. Alhaji dúró tì mí níbi tí mo ti ń kun ẹran, ó ní kí n yọ itan méjèèjì sọ́tọ̀ fún òun. Ó pín ti aláìní, ó pín ti ará àti ọ̀rẹ́, ó mú tirẹ̀. Bí ẹ̀sìn ṣe wí gan-an ló ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé abọ́ ńlá wá bí ìṣe wọn gbé e lọ pẹ̀lú ẹran díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, ó ti délé-dóko pé ọkùnrin yìí kò tíì wé láwàní tó fi ń háwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Lèmọ́mù wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó ń ka tẹ̀sùbáà. "Alhaji, ìjọ ń kùn. Wọ́n ní oyè ti ń gun orí yín. Àwọn kan ti ń wojú ẹlòmíràn."

Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi yíjú sí mi. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. "Ṣé kí n sọ fún wọn pé eyín ni?"

"Ẹ sọ ọ́," mo ní. "Ẹ ní gbogbo àmín tí ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, eyín jíjẹ lẹ fi gbà á. Kí ẹ sì bi Lèmọ́mù bóyá ó lè gba wáàsí rẹ̀ padà."

Kò sọ ọ́. Itan méjèèjì ló gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tí ó ń kí gbogbo ojúlé tó bá yà sí tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí ọjọ́ láwàní pé, wọ́n gbé àwo ẹran ńlá síwájú rẹ̀, ẹran tí wọ́n dín gbẹ, tó ń ta sánsán. Mo rí i tí gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, tó wálẹ̀. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ń wò ó. Ó fi eyín tuntun náà rẹ́rìn-ín fún àwọn tó ń ya fọ́tò, ó pín ẹran náà títí àwo fi mọ́. Wọ́n ké Àláhù Àkúbárù, wọ́n ní òun gan-an ló padà dé yìí. Wàrà ló jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Àdínnì ṣe wà di òní. Ẹnu tó lè fọ́ eegun màlúù, ẹ̀rín àti fọ́tò ló ń fi í ṣe, nítorí ojú ò kúrò lára àwo rẹ̀ mọ́. Ìyáálé mi tún ti ń sanra.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alaasárì, mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo ta kọ́tìnnì, mo gbé ẹyọ ẹran kan tí mo fi pamọ́ sílé ìdáná síwájú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Ó mú ẹran náà, ó ya ẹnu, ó sì dáwọ́ dúró. Ó fa ẹran náà ya sí méjì. Ó wo apá kan, ó wo èkejì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ti èyí tó tóbi sọ́dọ̀ mi.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó máa rí i. Ó ń dúró, bóyá àdúrà ló ń retí. Mi ò ṣe é. Mo gba ẹran mi, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi.