Bàbá Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Addo tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá ní "Ẹ káàárọ̀" lẹ́nu ọ̀nà wọn, síkiọ́rítì tó wà ní géètì á dáhùn. Orí ìtàgé ní London ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n á ní, "Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá náà, ọ̀rọ̀ ló wá gbọ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe dókítà nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wálé, àwọn ará àdúgbò rí eré náà lórí fóònù, ni wọ́n bá ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá. Bàbá kì í lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wọ awò ojú, wọ́n á wo ọmọ náà dáadáa, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí báyìí." Kò sẹ́ni tó ń jiyàn.

Lọ́jọ́ tí ẹnu màmá mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ mu. Mo sáré pe Bàbá. Wọ́n wọlé, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn.

"Ìyá, ẹ dìde. A ti ń lọ."

Màmá dìde. Títí dòní, Dókítà ni wọ́n ń pe Bàbá.

Ohun tí Màmá ò mọ̀ ni ohun tí Bàbá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lọ sí ọsibítù. Wọ́n tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn má baà gbọ́:

"Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣé ó hàn lójú mi?"