Èmi Ni Mo Kọ́ Òkun Bó Ṣe Ń Padà

Kí n tó dé etí òkun, omi òkun ò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́yìn. Wíwá nìkan ló mọ̀. Á ru, á wá, á gba iyanrìn, á tún wá. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ni mo dúró níwájú rẹ̀, mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún, mo nàka sí i, mo ní, "Ìwọ yìí, ó tó bẹ́ẹ̀. Padà." Ó sì padà. Àtìgbà náà ló ti ń padà. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí tí ẹ rí i tó ń wá, tó ń lọ, ẹ má wulẹ̀ máa yanu, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àgbẹ̀ ni mí, ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn, Ẹ̀rúwà ni ilé mi. Kíláàsì kẹrin ni mo dé níléèwé tí bàbá mi fi ní ọkọ́ ń pè mí, nítorí náà bí gbólóhùn mi kan bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ, kí ẹ máa kà á lọ. Ohun tó gbé àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ dé erékùṣù àwọn olówó ni mo fẹ́ sọ.

Ìyàwó mi ló pé àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ wa kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ariwo, àwọn ò fẹ́ àgọ́ àti àga, àwọn fẹ́ gbé ìyá àwọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rán an níṣẹ́. Ilé ìgbafẹ́ kan wà lórí erékùṣù kan létí òkun, lẹ́yìn Èkó lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀. Wọ́n wáá fi èmi náà kún ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Ìyàwó mi ò gbé Ẹ̀rúwà mọ́. Ó ti wà l'Ékòó látìgbà tí ọmọ wa obìnrin ti bímọ. Ó ní òun ń lọ bá a wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun náà ti ń sáré báyìí, ó ti ń bú èèyàn, ó ti ní àbúrò, ọmọ wíwẹ̀ ò sì tíì tán. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo bá lọ sí erékùṣù yẹn. Mo fẹ́ mú ìyàwó mi padà wálé.

Kì í ṣe torí oúnjẹ. Mo mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè. Kì í sì í ṣe torí ilé gbígbá, ilé tí èèyàn kan ń gbé ò ní pàǹtí púpọ̀. Ti ìrọ̀lẹ́ ló ń dùn mí. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ nílé wa, àwọn ará àdúgbò a máa wá jókòó síwájú ilé, èmi á máa pìtàn. Ìyàwó mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí, á máa ṣẹ́ ẹ, kò ní wojú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti dé ibi tó dùn, á kàn ní, "Irọ́ ni." Kò ní gbé orí sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bú sẹ́rìn-ín, èmi á búra, òun á mú tirẹ̀ wá, èmi á fi kún un, ìtàn á wá dà bí iyán tí èèyàn méjì jọ ń gún.

Àtìgbà tó ti lọ, ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún wọn pé àparò kan gbé mi láti Igbó-Ọrà dé Lánlátẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kan koríko. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mi orí, ó ní, "Ọlọ́run tóbi, Bàbá." Kí lèèyàn fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn? Mo dìde, mo wọlé.

Erékùṣù náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọmọbìnrin kan so nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Ó ní bí mo bá ti ní i lọ́wọ́, kí n lọ sídìí oúnjẹ nígbàkígbà, kí n jẹ ohun tó bá wù mí. Àwa náà ń so ewúrẹ́ nílé, ṣùgbọ́n tiwa, kó má baà jẹ ohun tó wù ú la ṣe ń so ó.

Inú yàrá tí wọ́n fún mi tutù bí ẹni pé òjò ti rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ká táwẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣe é bí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn. N kò lò ó. Èèyàn ò lè dédé tú ẹyẹ ká nítorí pé ó wẹ̀. Bùbá mi ni mo fi nura. Níta, àwọn èèyàn na ara wọn sínú oòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á yí ara wọn padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbẹ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sá fún oòrùn yìí, n ò mọ̀ pé ó níyì tó bẹ́ẹ̀. Mo bu iyanrìn ibẹ̀ sọ́wọ́, mo wò ó. Ẹ̀gẹ́ kan ò lè ta níbẹ̀. Wọ́n sì gbẹ́ odò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, wọ́n tẹ́ táìlì sí i nídìí, wọ́n pọn omi mìíràn kún inú rẹ̀. Òkun wà nílẹ̀ o, wọ́n tún lọ pọnmi.

Yàrá tèmi wà lọ́tọ̀, ti ìyàwó mi wà lọ́tọ̀, òun àti àwọn ọmọ-ọmọ wa. Àwọn ọmọ rò pé bí a ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn, baálé ní yàrá tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé nílé, ilẹ̀kùn méjèèjì dojú kọ ara wọn.

Òun ló wá pàdé mi létí omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dé akẹtẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí ọmọ rà fún un. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá wọn. Ẹ mà ti rù."

"Ìwọ lo sanra, lojú rẹ fi rí mi bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ń jẹun ṣá?"

"Ẹkùn kan ló ń se oúnjẹ fún mi báyìí," mo ní, mo sì dúró dè é.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ là. Ni ọmọ kékeré bá figbe ta lẹ́yìn rẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo máa ju irọ́ sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, kò ní gbé e. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń la àgbọn fún wa pé ní Ìbàràpá, a kì í gun igi àgbọn, ikọ́ la kàn máa ń wú sábẹ́ rẹ̀, á sì já. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ ayé, Bàbá." Ìyàwó mi ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì ọmọ kó lè tutù. Mo wá ń rò ó pé bóyá ibi tó lọ jìnnà ju Èkó lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la ká kúrò níbẹ̀, mo kó àwọn ọmọ-ọmọ jọ sábẹ́ agboòrùn ńlá kan. Ìyá wọn àgbà na ara rẹ̀ sórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi akẹtẹ̀ bojú. Mo ní kí n sọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ fún wọn.

"Ọjọ́ tí mo lọ sí Lánlátẹ̀ láti lọ wo ìyá yín àgbà," mo ní, "ẹkún ló ń sun. Ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú. Ó ní bí n ò bá fẹ́ òun, òun ò ní jẹun mọ́."

Akẹtẹ̀ ò mira.

"Bàbá rẹ̀ náà ń sunkún. Ó ní, jọ̀wọ́, ọmọ dáadáa, ṣáà máa mú un lọ."

"Irọ́ ni."

Lábẹ́ akẹtẹ̀ ló ti wá. N kò jẹ́ kí ojú mi yí padà.

"Ta ló dì ta lẹ́sẹ̀ mú?" Ó ti jókòó báyìí. "Ẹ̀yin tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì wá, tí ẹ kọ lu àgbò bàbá mi?"

"Àgbò yẹn ló kọ lù mí."

"Àgbò tí wọ́n so mọ́gi?"

"Ó ti já okùn kí n tó dé."

"Irọ́ ni! Ẹ̀yin lẹ já okùn rẹ̀, ẹ sì ṣubú lé e. Bàbá mi ní, ta ni wèrè tó ń dì mọ́ àgbò mi yìí? Èmi ni mo wá fà yín dìde."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bi í pé, "Màmá, ẹ wáá fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀?"

"Àánú ló ṣe mí. Àánú àgbò ló kọ́kọ́ ṣe mí o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sáré lọ sídìí omi. Ó wá ku àwa méjì. Mo ní kí n má fi àkókò ṣòfò.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ẹ̀rúwà. Ilé mélòó la ní?"

Ó fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú mi. Àpá sòbìà wà níbẹ̀, lẹ́bàá kókósẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa ní Ìbàràpá ṣì ń mu omi adágún ni aràn yẹn ti jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, oyún àkọ́bí wa ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ náà ló sì fi ń pọnmi.

"Bàbá wọn, mo ti pọnmi tó," ó ní. "Ẹ̀rọ ìlú ò yọ omi fún wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ mọ ibi tí mo ti ń ru garawa bọ̀. L'Ékòó, mo yí ẹ̀rọ, omi dé. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo ti gbẹ́ kànga."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni."

"Lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí igi ìbẹ́pẹ wà. Àwọn agbẹ́kànga bá àpáta, wọ́n fọ́ ọ, omi wà lábẹ́ rẹ̀."

"Irọ́ ni, Bàbá wọn. Ta ló fọ́ àpáta yẹn? Ṣé àparò ni? Mo gbọ́ ti àparò o."

Mo wò yíká, n ò rí irin kankan àfi fọ́ọ̀kì tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú èso. Mo mú un, mo fi kan ètè, mo ní, "Ògún gbọ́, kànga wà nílé." Ó rẹ́rìn-ín débi pé akẹtẹ̀ já bọ́.

"Fọ́ọ̀kì! Ògún wo ló ń jẹ ọ̀pẹ̀-òyìnbó?"

Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí n mú àwòrán rẹ̀ wá. Fóònù tèmi, ìpè nìkan ló mọ̀. Mo pe ọmọ wa ọkùnrin pé kó wá gbọ́. Òun náà gbọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre," ó ń rẹ́rìn-ín lọ. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn tẹ́lẹ̀, torí mo fẹ́ kí ìyá wọn bá a nílẹ̀ lójijì. Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi ló rí ẹni gbà á. Òótọ́ kan tí mo gbé sọdá omi, kò rí.

Mo dìde, mo lọ bá àwọn ọmọ. Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún. Mo dúró, mo nàka, mo ní kí òkun padà, ó sì padà. Àwọn ọmọ hó yèè. Ìyàwó mi ti dé ẹ̀yìn mi, ó ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀ ọmọ kékeré.

"Mo rí yín," ó ní. "Ẹ dúró títí tó fi fẹ́ máa lọ kí ẹ tó lanu."

"Ó padà tàbí kò padà?"

"Ó padà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Ó nu ẹsẹ̀ ọmọ tán, ó gbọn iyanrìn nù lára aṣọ. Ó ní, "Ó dáa. Mo ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi wo kànga irọ́ yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa jọ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó. Bí a ṣe dé èbúté, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá mi wọ mọ́tò Ẹ̀rúwà. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọ̀kadà kan gbé wa délé, òun láàárín, báàgì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wọ yàrá. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà, ó ṣí ìdérí kànga, ó ju garawa sí i. A jọ gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sọ pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo purọ́ sí kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Ti òkun, ẹ ti mọ̀. Ti àgbò, bí ìyàwó mi ṣe sọ ọ́ ló rí, mo dì mọ́ ọn. Ibi tí mo fi ọwọ́ ara mi dá ni ibi tó ti ní òun ń bọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé òun náà ńkọ́, ẹsẹ̀ ọmọ ló ṣáà ń nù lọ. Ní èbúté, ọkọ̀ ọmọ wa obìnrin ló wọ̀. Èmi nìkan ni mo wọ mọ́tò Ẹ̀rúwà, kò sì tíì ju garawa kankan sínú kànga.

Ọmọ wa obìnrin ló máa ka ìwé yìí sí i létí, mo ti bẹ̀ ẹ́. Bó bá dé ibi ọ̀kadà, mo mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa wí, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ṣùgbọ́n kànga wà. Páànù ni mo fi dé e, garawa tuntun wà lẹ́bàá igi ìbẹ́pẹ, omi rẹ̀ ò gbẹ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.